Orí Ilẹ̀ Ni A Ti Ń Fò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí etígbọ̀ọ́ yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n eré tí ó lè dá ènìyàn lápá, tí ó lè dá ènìyàn lẹ́sẹ̀, tí ó sì tún lè fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe ní ayọ̀ tí ọtí kò lè fún un, tí oúnjẹ kò sì lè fún un. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa eré alùpùpù orí ilẹ̀ gbágungbàgun tí gbogbo ayé mọ̀ sí motocross, pàápàá jù lọ nípa fífo òkìtì yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, àti nípa àgbàlagbà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì tọ olùkọ́ lọ, tí ó san owó, tí ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí a ti ń fo òkìtì ní ọ̀nà tí ó tọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àyà líle nìkan ni ó ń gbé ẹni fo òkìtì. Wọn a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọn a rí alùpùpù tí ó wúwo ju kílò 100 lọ tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ẹni tí ó gùn ún, tí táyà méjèèjì ń yí lófìfo nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì tún fi ara kan ilẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún láìṣubú. Wọn a mi orí, wọn a ní ọkàn ẹni yìí le, Ògún ni ó bí i. Èmi kò bá wọn jiyàn pé Ògún Lákáayé, baba gbogbo ẹni tí ń fi irin jẹun, ní ọwọ́ nínú ohunkóhun tí irin bá ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí, tí mo sì ti fi ara mi kọ́, ni ó mú mi sọ láìṣiyèméjì pé orí ilẹ̀ ni a ti ń fò. Ibi tí ẹni náà yóò balẹ̀ sí, bí imú alùpùpù rẹ̀ yóò ti rí nígbà tí ó bá wà lókè, bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ sílé tàbí wọn yóò gbé e lọ, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni a ti pinnu kí táyà ẹ̀yìn tó kúrò ní ètè òkìtì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni fífò, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá tí í kọ́ni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí eré yìí. Ní ọdún 1924, ní Camberley ní ẹkùn Surrey, àwọn kan tí ń gun alùpùpù pinnu láti bá ara wọn sáré gba orí òkè àti inú àfonífojì, láìsí adájọ́ tí yóò dúró ní kọ̀rọ̀ tí yóò máa fi ọgbọ́n ìgùn dá wọn lẹ́jọ́, kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó borí. Lẹ́yìn ogun Hitler, eré náà gbilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa lọ wòran ní Hawkstone Park ní Shropshire, tí òkè iyanrìn rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn akọni. Ní ọdún 1964 àti ọdún 1965, Jeff Smith gun alùpùpù BSA, orúkọ tí ọ̀pọ̀ àgbà nílẹ̀ wa mọ̀ dáradára, ó sì di ọ̀gá gbogbo ayé ní ìpín 500 cc. Ní àkókò náà, tẹlifíṣọ̀n BBC a máa gbé eré náà jáde ní ọ̀sán Sátidé nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé òkè tí Ẹlẹ́dàá dá ni àwọn baba wọ̀nyẹn ń gùn. Wọ́n a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jìnnà, nítorí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn alùpùpù ìgbà náà kì í rì ju nǹkan bí ínǹṣì 4 lọ, ẹni tí ó bá fò ju ohun tí ṣọ́ọ̀kù lè gbà lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gba ìyókù.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ọdún méjì péré. Ní ọdún 1972, wọ́n fi ọkọ̀ kó yẹ̀pẹ̀ wọ inú pápá ìṣeré ńlá Coliseum ní Los Angeles, wọ́n fi ọwọ́ mọ òkìtì síbẹ̀ lójú àwọn òǹwòran tí ó jókòó yípo, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 16 kan tí ń jẹ́ Marty Tripes ni ó sì borí gbogbo àgbà tí ó bá a díje. Ní ọdún 1973, Yamaha lo irú ṣọ́ọ̀kù ẹlẹ́yọ kan tí ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Lucien Tilkens, ṣe, Håkan Andersson ará Swídìn sì fi í gba ipò ọ̀gá àgbáyé lórí alùpùpù 250 cc. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ṣọ́ọ̀kù fi ń rì tó ínǹṣì 12, bí ó ti rí títí di òní. Nígbà tí irin ti lè gba ìbalẹ̀, tí ọwọ́ ènìyàn sì ti lè mọ òkìtì bí ó ti wù ú kí ó ga tó, fífò di ọkàn eré náà. Òkìtì mẹ́ta tí a fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 70 láti ètè èkíní dé ẹ̀yìn ìkẹta, di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti àkókò náà ni àwọn olùkọ́ ti di kò-ṣeé-mánìí. Gary Bailey ará Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn fún ní orúkọ oyè Ọ̀jọ̀gbọ́n, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ kíkọ́ni ní eré yìí di iṣẹ́, tí ó fi hàn pé ohun tí àwọn ọ̀gá ń ṣe láìronú ṣeé tú palẹ̀, kí a sì fi kọ́ ẹlòmíràn.

Èmi kọ́ tèmi ní ilẹ̀ oko kan ní Essex, ní ìhà ìlà-oòrùn London, lórí ilẹ̀ amọ̀ tí í lẹ̀ mọ́ bàtà. Kò sí ọmọdé nínú wa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀; bíríkìlà kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń fò kí òun tó bẹ̀rẹ̀; nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, sì wà níbẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn dá, tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo wa òun nìkan ni ó mọ ohun tí a ń fi wewu. Ọ̀gá wa ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ohunkóhun ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́. Ó gbé alùpùpù kan ka orí àpótí irin, ó ní kí a máa gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì dìde dúró. Ó to iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wa sórí irin ìtẹsẹ̀, ó fún eékún wa méjèèjì mọ́ táńkì, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ wa sókè síta, ó tẹ̀ wá síwájú láti ìbàdí títí orí wa fi wà lókè ọwọ́ alùpùpù. Lẹ́yìn náà ni ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, tí ó sì mì í jìgìjìgì láìkìlọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé apá ni ó fi gbé ara rẹ̀ ró, àyà rẹ̀ a lọ síwájú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá irin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi eékún di táńkì mú, irin nìkan ni yóò mì, òun yóò dúró. Bí obìnrin tí ó ru ìkòkò omi láti odò bọ̀ ti máa ń jẹ́ kí eékún àti ìbàdí gba gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà, tí ọrùn kò mì, tí omi kò sì dànù, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara tí olùkọ́ náà ń wá lára wa, a sì pẹ́ lórí ẹ̀kọ́ yìí ju bí àwọn kan nínú wa ti fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ara ni ojú. Àwọn baba wa ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ẹni tí ó bá ń wo táyà iwájú rẹ̀ nígbà tí ó ń gun òkìtì, ibi tí ó wà ni ó ń wò, kì í ṣe ibi tí ó ń lọ, ara a sì máa tẹ̀ lé ojú. Ọ̀gá wa a lọ dúró lórí ilẹ̀ gíga níwájú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a na ìka sókè, ẹni tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kígbe iye ìka tí ó rí kí ó tó dé ètè òkìtì. Ohun tí kò tó nǹkan ni lójú ẹni tí ń wòran, ṣùgbọ́n mo rí i bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ kòlòbà láti òwúrọ̀, ṣe di ẹni tí ó nà gbọọrọ kìkì nítorí pé ó ń wá ìka tí yóò kà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni baba gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tí a ń lọ́ kí epo lè wọ ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí gan-an ni ó ti le fún àgbàlagbà, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ti gun alùpùpù rí. Ẹni tí ó bá ti gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí a ń ṣe bí a bá kan gegele lójú ọ̀nà: a ó dín epo kù, a ó fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì, a ó jókòó ṣinṣin, a ó rọra kọjá. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni lójú títì. Lójú òkìtì motocross, ìwà náà gan-an ni í sọ ènìyàn sí ilẹ̀ torí-torí. Nígbà tí a bá ń gun ojú òkìtì, ilẹ̀ ń ti alùpùpù sókè, ṣọ́ọ̀kù sì ń rì; bí a bá gé epo ní àkókò náà, ẹ́ńjìnnì a fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn, ìwúwo gbogbo a rọ́ lọ síwájú, ṣọ́ọ̀kù iwájú a rì wọlé, ti ẹ̀yìn a sì ta padà sókè gan-an bí ó ti ń kúrò ní ètè òkìtì. Imú alùpùpù a wá dorí kọ ilẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń bèèrè ni pé kí epo máa wọlé bákan náà, láìpọ̀ sí i, láìdín kù, láti ìsàlẹ̀ òkìtì títí dé ètè rẹ̀.

Mo ti sọ pé ohùn ọ̀gá wa kò ga. Etí rẹ̀ ni ó mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọ ẹ̀yìn sí òkìtì, ó kó ọwọ́ sínú àpò, ó sì ń fi etí nìkan dá wa lẹ́jọ́ bí a ti ń kọjá. Alùpùpù kan a dún wá, ohùn rẹ̀ a lọ gbọọrọ láìṣẹ́ gba òkìtì kọjá, ọ̀gá a mi orí. Òmíràn a dún wá, ohùn rẹ̀ a já díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé itọ́ mì láàárín ọ̀rọ̀, ọ̀gá a ní, “Ó gé e,” kí ẹni náà tó balẹ̀ rárá. Nígbà tí ó kan nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú náà, tí ó sì gbọ́ pé òun náà gé e, kò jiyàn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó wá béèrè ìdí rẹ̀ tí dídín epo kù fi lè yí imú alùpùpù tí ó ti wà lókè padà, nígbà tí kò sí ohun tí táyà fi ara kàn mọ́. Ọ̀gá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi igi ya táyà méjì sílẹ̀, ó ṣàlàyé. Nígbà tí obìnrin náà padà síbi tí mo wà, ó yọ ibọ̀wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ìdí wà fún gbogbo ẹ̀.” Láti ìgbà náà lọ, ohùn alùpùpù rẹ̀ kì í ṣẹ́ mọ́.

Àlàyé náà ni èmi náà yóò ṣe fún yín. Táyà tí ń yí ní agbára ìyípo nínú, nígbà tí alùpùpù bá sì wà lófuurufú, tí kò sí ilẹ̀ tí yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí táyà bá pàdánù nínú ìyípo yìí, ara alùpùpù ni yóò gbà á, ohun tí táyà bá sì gbà kún un, ara alùpùpù ni yóò san án. Nítorí náà, bí imú bá ga jù lókè, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fà kúlọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, yóò fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́, táyà a dúró, imú a wálẹ̀; bí imú bá ń lọ sílẹ̀, yóò lọ́ epo sí i, táyà ẹ̀yìn a yára yí, imú a dìde. Àtúnṣe kékeré ni èyí o. Ó lè tún bí alùpùpù ti dúró ṣe, ṣùgbọ́n kò lè tún ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe. Galileo ará Ìtálì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1638 pé ọ̀nà kan náà tí ó tẹ̀ bí ọrun ni gbogbo ohun tí a bá sọ síwájú ń gbà wálẹ̀, ìbáà jẹ́ òkò, ìbáà jẹ́ ọta ìbọn àgbá. Alùpùpù kò yàtọ̀. Bí ẹni kan bá kúrò ní ètè òkìtì tí ó dagun ní dígírì 25, tí ó sì ń sá eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, yóò balẹ̀ ní nǹkan bí mítà 9 àti ààbọ̀ síwájú, bí ibi tí yóò balẹ̀ sí bá ga bákan náà, kò sì ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan lókè. Bí ó bá fi kìlómítà 10 péré kún eré náà, yóò balẹ̀ ní mítà 15. Ẹ kò rí i pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó fi kún eré, ṣùgbọ́n ó fi ju ìdajì lọ kún ìrìn àjò inú afẹ́fẹ́? Èyí ni kò jẹ́ kí n gbà pé àyà ni í fò. Àyà kò lè ka eré tí ó wà láàárín mítà 9 àti mítà 15. Etí tí ó ti gbọ́ ọ tó, àti ọwọ́ tí olùkọ́ ti tún ṣe, ni wọ́n lè kà á.

Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó gun alùpùpù fo òkìtì, ilẹ̀ ń dúró dè é. Kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a ń fẹ́, ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn òkìtì ni. Bí ọ̀nà tí alùpùpù ń gbà wálẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdagẹ̀rẹ́ náà mu, díẹ̀ ni ilẹ̀ yóò gbá a, a ó sì lọ́ epo sí i gẹ́lẹ́ bí táyà bá ti kan ilẹ̀, kí irin máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò kọjá ìdagẹ̀rẹ́ lọ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo gíga tí ó ti gùn ni yóò san padà lójú kan, ọrùn ẹsẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ ni ó sì máa ń san án. Ìdí nìyí tí olùkọ́ gidi fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkìtì tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí ẹni tí eré rẹ̀ kò bá tó yóò balẹ̀ sórí pẹrẹsẹ náà, yóò sì máa lọ. Òkìtì méjì tí kòtò wà láàárín kò ní àánú bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò bá dé òdìkejì, orí òkìtì kejì ni yóò fi àyà gbá. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ àgbàlagbà ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń tì í lọ síbi òkìtì oníkòtò kí ọjọ́ tó rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó sanwó fẹ́ rí nǹkan tí yóò yà ní fọ́tò. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ní London, ní Manchester tàbí ní Houston, bí ẹ bá ń wá olùkọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú òkìtì wo ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ó ń wò kí ó tó gba ènìyàn láyè lọ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí kò bá ní èsì, ẹ kó owó yín padà sápò.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sórí alùpùpù kékeré 50 cc láti ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í bèèrè ìdí ohunkóhun; ara wọn a mu ún bí iyanrìn ti ń mu omi. Àgbàlagbà ní tirẹ̀ ní ilé tí ó ń san owó rẹ̀, ó ní ọmọ nílé ìwé, ó mọ ohun tí oṣù mẹ́ta láìṣiṣẹ́ lè dá sílẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwà ojo rárá. Mo kọ̀ láti bá àwọn tí ń fi ìbẹ̀rù yìí ṣẹ̀sín kẹ́gbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí ara wa kò lè tètè mú mọ́, òye wa lè tètè gbà á, bí ẹni kan bá lè jókòó kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Bíríkìlà tí mo sọ níṣàájú sọ fún mi pé ọmọ òun fò dáradára ju òun lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí alùpùpù ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ta ìdí sókè lẹ́yìn òkìtì, baba ni ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ń yára padà jù, tí ó mú ṣukudiráfà, tí ó sì yí i.

Kò yẹ kí n fi ewu pamọ́ fún yín. Gary Bailey tí mo dárúkọ ní ọmọkùnrin kan, David, ẹni tí gbogbo àwọn tí ó mọ eré yìí gbà pé ìdúró ara rẹ̀ lórí alùpùpù ni àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 1983 ó gba ipò ọ̀gá ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú supercross, ìyẹn motocross inú pápá ìṣeré ńlá, irú ti Coliseum tí mo sọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, lẹ́nu ìdánrawò, òkìtì kan sọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ dá, kò sì rìn mọ́. Ọmọ olùkọ́ ni, ẹni tí ó kọ́ ọ dé góńgó ni. Ọkùnrin náà kò jókòó sunkún títí. Ní ọdún 2000 ó fi kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ borí nínú ìdíje ìfaradà tí wọ́n ń pè ní Ironman ní Hawaii, ní ìpín àwọn tí kò lè rìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ a máa lé ewu jáde pátápátá, irọ́ ni ó ń pa. Ẹ wọ akoto tí ó bá orí yín mu, ẹ wọ bàtà tí ó ga dé abẹ́ eékún, ẹ wọ ìbòyà. Ẹ sì wo ìdáàbòbò ọrùn tí dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Chris Leatt, bẹ̀rẹ̀ sí ronú lé lórí lẹ́yìn tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú ìgùn alùpùpù kú ní ọdún 2001.

Àwọn kan yóò máa rò pé ẹni tí ó bá kọ́ ọ tán ni ẹni tí ó fò ga jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti James Stewart fún yín, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Florida ní ọdún 1985, tí ó gba ipò ọ̀gá motocross ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí alùpùpù 125 cc ní ọdún 2002, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì borí nínú gbogbo eré ìje 24 ti àkókò 2008 láìpàdánù ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù ni pé ó fò nílẹ̀. Bí ó ti ń gun ojú òkìtì, táyà kò tí ì kúrò nílẹ̀, ó ti ń tẹ alùpùpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí irin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí agbára òkìtì kò sì lè gbé e lọ sókè. Àwọn yòókù a wà lófuurufú, níbi tí táyà wọn kò ti lè rí ilẹ̀ tì, òun a ti balẹ̀, a ti lọ. Nínú eré ìje, àkókò tí a bá lò lókè, àdánù ni. Gbogbo àwọn ọ̀gá òde òní ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, olùkọ́ kan kò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bí Stewart ti parí iṣẹ́ tán lójú òkìtì níbẹ̀, kí ó tó gbéra, ọkàn mi kún fún ọpẹ́ pé mo gbé ayé láti rí i.

Ẹ̀kọ́ kan kù tí ọ̀gá wa kì í gbàgbé láti kọ́ni kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn ẹlòmíràn wọ pápá, òun sì ni èyí tí mo fẹ́ kí ó kẹ́yìn lẹ́nu mi. Ẹni tí ó ń gun òkìtì kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹni kan bá ṣubú síbẹ̀, àsíá ofeefee ni àwọn olùṣọ́ pápá yóò máa fì, bí ẹ bá sì ti rí i, kò sí fífò mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní: ẹ dín eré kù, ẹ dìde dúró lórí irin ìtẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí táyà méjèèjì tẹ̀ lé òkìtì gòkè, kí wọ́n tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni tí ó wà nílẹ̀ ní àyè títí ẹ ó fi kọjá ibi tí ó wà. Ọ̀gá wa a máa fi èyí dán wa wò láìròtẹ́lẹ̀, a yọ aṣọ ofeefee kékeré kan láti inú àpò rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ti ń sáré bọ̀ wá fò, ẹni tí ó bá sì fò nígbà náà, bí ó ti wù kí ó fò dáradára tó, alùpùpù rẹ̀ ti di ohun ìwòran fún ìyókù ọjọ́ náà.